Òwú Ẹni Méjì: Bí Èmi àti Gàníyù Ṣe Ń Mú Táyà Ẹ̀yìn Tọ́ ní Agbowó

Gàníyù Àlàó, ọmọ Ìkòyí, Ẹ̀ṣọ́, ọmọ a-rógun-yọ̀, ọmọ a-rógun-má-sàá. Ọmọ ẹni tí wọn kì í ta lọ́fà lẹ́yìn, iwájú gangan ni Ẹ̀ṣọ́ fi ń gba ọgbẹ́. Àlàó, ọkọ Sídíkátù, bàbá Rúkáyátù, àbúrò Lásísì ará Fìdítì. Mẹkáníìkì alùpùpù ni ọ́, o kì í ṣe alágbe. Mo fi ìyẹn ṣáájú ọ̀rọ̀ mi, nítorí òun ni ìwọ náà máa ń fi ṣáájú.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń ro iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́. Mo ní ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Wọ́n ní ó ti tó. Samúẹ́lì Adégòkè ni mò ń jẹ́, ṣùgbọ́n láti Agbowó títí dé Òjóò, Sámú ni gbogbo ayé ń pè mí. Iṣẹ́ máṣíìnì, ìyẹn alùpùpù, ni mo fi jẹun, òun ni mo fi kọ́ ilé, òun ni mo fi rán ọmọ níléèwé. Bí mo bá wá ní kí n ròyìn iṣẹ́ náà láìdárúkọ Gàníyù, ńṣe ni mo di òwú mú létí kan. Òwú tí a dì mú létí kan kì í nà. Ẹ ó rí ohun tí mo ń wí níwájú.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn. Bàbá mi mú mi lọ bá Ọ̀gá Mùdáṣírù Àjàní lábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní Agbowó nígbà náà, wọ́n kọ ìwé, wọ́n ṣàdúrà, bàbá mi padà sílé. Gàníyù ti ṣáájú mi dé ní ọ̀sẹ̀ kan, ó sì fi ọ̀sẹ̀ kan yẹn ṣe ẹ̀gbọ́n mi títí ayé. Mùsùlùmí ni, èmi ọmọ ìjọ aláṣọ funfun. Ìyẹn ò dí wa lọ́wọ́ rí.

Ọmọ ahunṣọ láti Ìsẹ́yìn ni Ọ̀gá wa. Ìdí òfì ni wọ́n dàgbà sí kí ọkàn wọn tó fà sí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ ní Ìbàdàn, òwú ìhunṣọ nìkan ni wọ́n mú kúrò nílé bàbá wọn, òun náà ni wọ́n sì fi sọ ara wọn di ẹni tí ọlọ́kadà ń wá láti Ẹlẹ́yẹlé àti Akóbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. Ṣéènì máṣíìnì wà lórí irin eléyín méjì, ọ̀kan lára ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan lára táyà ẹ̀yìn. Bí táyà ẹ̀yìn bá wọ́ díẹ̀, bí ẹni tí ọrùn ń dùn, ṣéènì á máa fi ẹ̀gbẹ́ ha eyín, á máa sunkún, á jẹ eyín náà lápá kan, máṣíìnì á sì máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ewúrẹ́ tí wọ́n so lókùn. Bẹ́ẹ̀ ni á ṣe máa lọ títí di ọjọ́ tí ṣéènì á fò kúrò, táyà á há, ẹni tó gùn ún á sì bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Nọ́ọ̀tì kékeré méjì ló wà lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí a fi ń fa táyà sẹ́yìn. Àwọn tó ṣe máṣíìnì kọ àmì sára irin níbẹ̀ kí èèyàn lè fi mọ̀ bóyá ó dọ́gba. Ọ̀gá kò gba àmì gbọ́.

"Àmì ò mọ kòtò tí máṣíìnì yìí ti já sí," wọ́n á ní. "Ẹ gbé òwú wá."

Òwú yẹn, ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn ni a ó yí i gbà. Etí rẹ̀ méjèèjì á gba ọ̀tún àti òsì táyà náà bọ́ síwájú, ẹni iwájú á dì wọ́n mú, á nà wọ́n. Ẹni ẹ̀yìn á lóṣòó, á fi ìka kan sí etí táyà lọ́tùn-ún, á fi ìka kan síbẹ̀ lósì, níbi tí òwú yẹ kó ti fara kan rọ́bà. Ẹni iwájú á máa mú òwú wọlé díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti kan lọ́tùn-ún lósì, ẹni ẹ̀yìn á ní, "Ó kan." Ìgbà yẹn ni ẹni iwájú á wá wo àyè tó wà láàrin òwú àti táyà iwájú. Bí àyè ọ̀tún àti tòsì bá dọ́gba, táyà tọ́. Bí wọn ò bá dọ́gba, a ó yí nọ́ọ̀tì díẹ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọ̀gá fi èmi síwájú nítorí ọwọ́ mi kì í gbọ̀n, wọ́n fi Gàníyù sẹ́yìn.

Òfin kan wà fún ẹni ẹ̀yìn tí mi ò rí ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn ní gbogbo Ìbàdàn. Ẹni ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dijú.

Òfin yìí ló jẹ Gàníyù níyà jù. Ọ̀gá á jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, wọn á máa rẹ́ obì jẹ, wọn ò tilẹ̀ ní í kọjú sí wa.

"Ó kan," Gàníyù á ní.

"Gàníyù, bàtà wo ni mo wọ̀ lónìí?"

"Sálúbàtà dúdú ni, Ọ̀gá."

"O lajú. Tún un bẹ̀rẹ̀."

Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi bàtà mú un bẹ́ẹ̀, kó tó gbọ́n. Lọ́jọ́ kan ó gbọ́n jù. Wọ́n bi í ní bàtà wo ni wọ́n wọ̀, ó ní òun ò mọ̀. Wọ́n ní ó dáa, òwú náà ńkọ́, ó ti kan? Ó ní òun ò mọ ìyẹn náà, oorun ti gbé òun lọ. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí obì fi há wọn lọ́fun.

Èmi ni mo bi wọ́n ní ìdí rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹni ẹ̀yìn fi ń dijú?"

Wọ́n ní, "Ojú a máa fẹ́ kí iṣẹ́ parí. Bí ebi bá ń pa ọ́, ojú á sọ fún ọ pé ó ti kan. Ìka ò mọ̀ pé ebi ń pa ọ́."

Gàníyù sọ fún mi nígbà tí à ń lọ sílé pé, "Sámú, Ọlọ́run fún mi lójú méjì, ọ̀gá mi gbà á lọ́wọ́ mi." A jọ rẹ́rìn-ín. Mo rántí ibi tí a dúró sí tó fi sọ ọ́.

Òfin kejì ni pé a kò gbọdọ̀ di nọ́ọ̀tì ńlá tó mú táyà ẹ̀yìn dúró pa láìjẹ́ pé oní-máṣíìnì jókòó sórí rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tó máa ń gbé, nítorí bí ẹ̀yìn bá ti lọ sílẹ̀, ṣéènì á le sí i. Bàbá Wàhábì, tó máa ń fi máṣíìnì ẹ̀ gbé ìyàwó ẹ̀ méjèèjì lọ sọ́jà Bódìjà, Ọ̀gá ní kó lọ kó wọn wá. Wọ́n dé, ìyáálé ní òun ni òun máa ń wà láàrin, ìyàwó ní irọ́ ni. A dúró pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́ títí wọ́n fi parí ìjà. Wọ́n jókòó, Ọ̀gá tẹ ṣéènì wò, wọ́n ní, "Ẹ wò ó, bí a bá ti dì í láìsí àwọn ìyá yìí, á já." Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Wàhábì ti di oníbàárà wa títí ó fi kú.

Wọ́n tún kìlọ̀ ohun kan fún wa: a kò gbọdọ̀ gbé ojú sẹ́nu ṣéènì tó ń sáré. Ìkìlọ̀ yìí kò ní ẹ̀rín kankan nínú. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́, wọ́n á gbé obì sílẹ̀.

A gba fúrídọ̀ọ̀mù lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀gá padà sí Ìsẹ́yìn lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n fi abẹ́ máńgòrò sílẹ̀ fún wa. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á, mi ò lè fi ẹnu ṣàlàyé ohun tí ń bẹ nínú kí iṣẹ́ mọ́ni lọ́wọ́. Ọjọ́ kan wà tí Gàníyù gun máṣíìnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán lọ sójú ọ̀nà Bódìjà, ilẹ̀ tẹ́jú, ọ̀nà dá, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò lára irin. Máṣíìnì náà ń lọ tààrà bí ẹni pé ẹnì kan ló ń fà á láti iwájú. Mo dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ẹnu mi sì yà sílẹ̀. Òwú lásán ló ṣe bẹ́ẹ̀, òwú tí ọmọdé lè fi eyín já.

Ìgbà tí ọ̀kadà wá pọ̀ nígboro ni jàm̀bá ṣẹlẹ̀. Ọlọ́kadà kan tó ń jẹ́ Ṣàkírù ra ṣéènì fúnra rẹ̀, ó fúnra rẹ̀ dè é, ó wá gbé e wá bá wa pé ó ń ké. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan ló máa ń so orí ṣéènì méjèèjì pọ̀, lọ́ọ̀kì ni à ń pè é, ẹ̀yìn sì ni ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ sí. Ṣàkírù kọ tirẹ̀ síwájú, kò mọ̀. A gbé máṣíìnì náà lé sítáǹdì, táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀. Gàníyù ní kó fún un níná kí òun gbọ́ ibi tó ti ń ké. Ariwo ọjà pọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò gbọ́ dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ojú sí i.

Lọ́ọ̀kì fò. Ṣéènì já, ó sì nà án lójú.

Ojú ọ̀tún lọ lọ́jọ́ náà. Nǹkan kan ò kan tòsì, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó pé, òun náà ti ń ṣú. Dókítà ní ojú kan a máa bá èkejì ṣàìsàn nígbà mìíràn. Gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe nílé ìwòsàn ni wọ́n ṣe, síbẹ̀ ojú méjèèjì fọ́. Sídíkátù ìyàwó rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀. Ṣàkírù náà ò kúrò níbẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, Gàníyù ló sì ń pàrọwà fún un.

Nígbà tó yá, ó ní kí n máa wá mú òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù, òun ò lè máa gbélé. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì Ọ̀gá, á máa gbọ́ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ kan, ìyá kan tó ń kọjá lọ ju owó sórí itan rẹ̀, ó ní, "Sàárà rèé o, Bàbá," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Gàníyù fọwọ́ wá owó náà kàn. Ó di owó náà mú títí a fi palẹ̀ mọ́.

"Sámú," ó ní, "kí ni mo jọ?"

Mo gbé sípánà sílẹ̀.

"Ìyá yẹn ti mọ ohun tí mo jọ. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tilẹ̀ dúró kó tó mọ̀ ọ́n." Ó na owó náà sí mi. "Gbé e fún ẹni tó tọ́ sí. Bí mo bá kú láìṣe mẹkáníìkì, o ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n sin mí bí alágbe."

Ohun tó bà á lẹ́rù nìyẹn, kì í ṣe òkùnkùn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni Lásísì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé láti Fìdítì láti wá mú un lọ sílé. Wọ́n ti di ẹrù rẹ̀. Gàníyù jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àpò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ kọ sí ibi tí kò sí nǹkan kan. Bàbá Wàhábì sì ń dúró dè mí pẹ̀lú máṣíìnì tó wọ́, kò sì sí ẹni tó máa bá mi lóṣòó sẹ́yìn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n Lásísì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lóṣòó síbí, kí n tètè dá bàbá yìí lóhùn, ká lè jọ sin Gàníyù dé Òjóò."

Mo fi ibi tí wọ́n máa fi ìka sí hàn wọ́n. Mo bọ́ síwájú, mo na òwú.

"Ó kan," ni Lásísì wí.

Mo wo iwájú, kò dọ́gba. Mo yí nọ́ọ̀tì. Wọ́n ní ó tún kan. Ó wá wọ́ sí apá kejì. A ṣe é títí, àágùn ń bọ́ lára wa, àyè ọ̀tún àti tòsì ò bára mu. Gàníyù kàn ń gbọ́. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ẹ̀rín. Láti ọjọ́ tí ṣéènì ti já, mi ò tíì gbọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "bàtà wo ni Sámú wọ̀ lónìí?"

"Bàtà?" Lásísì ní. "Sálúbàtà pupa ni. Kí ló dé?"

"Ẹ lajú."

Ọwọ́ mi dúró lórí òwú. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Gàníyù, ó gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n pè láti ọ̀nà jíjìn.

"Sámú."

"Mo ń gbọ́."

"Ẹni ẹ̀yìn, kí ló ń fi ojú ṣe?"

Mo ní, "Kò fi ṣe nǹkan kan rí."

Ó dìde, ó na ọwọ́, ó fọwọ́ bá ìjókòó máṣíìnì, ó tọ́ ọ dé ẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde níbẹ̀. Ibi iṣẹ́ mi nìyẹn."

Bàbá Wàhábì ní, "Gàníyù, mò ń bọ̀ wá fi máṣíìnì yìí gbé ìyàwó mi o."

"Ẹ pè wọ́n wá, Bàbá. Mo ṣì mọ èyí tó wúwo nínú wọn."

Ó lóṣòó, ó fi ìka méjèèjì sí i. Mo mú òwú wọlé. "Kò tíì kan lósì," ó ní. "Ó kù bí ìrun orí. Máa bọ̀. Dúró. Ó kan." Mo wo iwájú. Mo tún fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan wọ̀n ọ́n lọ́tùn-ún lósì, nítorí mi ò gba ojú mi gbọ́. Ó dọ́gba.

Lásísì sunkún díẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ sí Òjóò láti wọkọ̀. Àpò náà kò bá wọn lọ.

Ọ̀gá gbọ́, wọ́n wá láti Ìsẹ́yìn bí wọ́n ti darúgbó tó. Wọ́n jókòó, wọ́n wò wá títí a fi ṣe odindi máṣíìnì kan tán. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, nígbà tí ẹ ní kó máa dijú?"

"Mo mọ kí ni? Bàbá mi ló ní kí n máa dijú nídìí òfì. Ẹgba ni wọ́n fi kọ́ mi. Èmi náà ò mọ ohun tí wọ́n rí." Wọ́n kó gbogbo òwú tó kù lọ́wọ́ wọn fún Gàníyù, wọ́n sì fọwọ́ lé e lórí. Títí di òní ni mò ń ronú sí i. Ta ló kọ́kọ́ dijú nínú wọn, ní Ìsẹ́yìn lọ́hùn-ún, tó fi wá di ọ̀nà tí ọmọ Fìdítì fi jẹun ní Agbowó?

Kì í ṣe pé gbogbo èèyàn gbà lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan gbé máṣíìnì wọn lọ sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ìka Gàníyù ń mọ̀ sí i lọ́dọọdún. Nígbà tó yá, kí n tó na òwú rárá, á ti fi ọwọ́ pa irin ẹ̀yìn, á ní, "Wọ́n ti jó irin yìí pọ̀ rí, wọ́n kun ọ̀dà bò ó." A ó fi bébà oníyanrìn ha á, a ó sì bá ojú ibi tí wọ́n ti jó o. Bí ọlọ́kadà bá ń bọ̀ láti òkèèrè, á ti máa sọ fún mi pé ti Ṣàkírù nìyẹn, eyín rẹ̀ ti ń tán lápá òsì. Mo gbé ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò mọ́ mi lójú rí.

Irinṣẹ́ ń yí padà. Máṣíìnì Jàpáànì kúrò nílẹ̀, ti Íńdíà àti ti Ṣáínà gba ìgboro. A fi òwú apẹja láti Ẹlẹ́yẹlé gbìyànjú nígbà tí òwú Ọ̀gá ń tán lọ, Gàníyù ní ó ń yọ̀, ìka ò rí i mú. Ọmọkùnrin kan, Káyọ̀dé, tó ń ta máṣíìnì ní Ring Road, wá fi irinṣẹ́ oníná pupa hàn wá. Èèyàn á há a mọ́ irin eléyín, iná tẹ́ẹ́rẹ́ á sì tọ orí ṣéènì lọ. Gàníyù fọwọ́ gbá a mú jẹ́jẹ́.

"Káyọ̀dé, iná yìí, ó gbóná?"

"Rárá, Bàbá."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó kan?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo wo iná náà bó ṣe nà gbọnrangandan lórí ṣéènì. Ohun tí òwú ń wí ni òun náà ń wí, kíákíá, lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo. Mo gba ẹ̀yin ọmọ níyànjú, bí ẹ bá rí i, ẹ rà á. Ẹ ṣáà máa rántí fi ọwọ́ pa irin kẹ́ ẹ tó tan iná.

Ohun tó dá iṣẹ́ wa dúró yóò pa yín lẹ́rìn-ín. Ojú tèmi ni. Ó ń ṣú díẹ̀díẹ̀, títí mi ò fi rí àyè tó wà láàrin òwú àti táyà iwájú mọ́. Mo fi í pa mọ́ fún Gàníyù títí ó fi ní lọ́jọ́ kan, "Sámú, ọ̀rọ̀ rẹ ti ń pẹ́ kó tó dé. Ìwọ ni ojú ń dùn báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó dáa náà. Èmi kọ́ ni mo dá a dúró." A ká òwú. Àwọn ọmọ tí a kọ́, Bọ̀dé àti Múkáílà, gba abẹ́ máńgòrò. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú mi kan báyìí, awò ojú ni mo fi ń kọ èyí.

Gàníyù ò ṣàìsàn púpọ̀. Sídíkátù ránṣẹ́ sí mi kí ilẹ̀ tó mọ́, kí n tó débẹ̀ ó ti lọ. Àwọn ọlọ́kadà gbọ́, wọ́n sì tẹ̀lé wa láti Agbowó gba Òjóò lọ sí Fìdítì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ṣàkírù ló ṣíwájú, orí rẹ̀ ti funfun. Mo jókòó nínú ọkọ̀ pẹ̀lú òkú, mo ń tẹ́tí. Ẹ́ńjìnnì pọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò gbọ́ ṣéènì kan kó ké.

Ní ojú oórì, mo dúró sẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ funfun mi. Ààfáà béèrè orúkọ òkú àti iṣẹ́ tó ṣe láyé. Lásísì, tí wọ́n fi ọ̀pá rìn débẹ̀, dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Wọ́n ní, "Mẹkáníìkì ni." Wọ́n wá wẹ̀yìn, wọ́n ní, "Sámú, wá bá wa di aṣọ tí a fi gbé e yìí mú, níbi ẹsẹ̀." Gbogbo ọjọ́ ayé mi, iwájú ni mo máa ń dúró. Mo bọ́ sí ibi ẹsẹ̀, mo di etí aṣọ mú, mo sì dijú. A ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ mi fi mọ̀ pé ó kan ilẹ̀.

Ọjọ́rú ni, lẹ́yìn ìrun Àsárì. A sin Gàníyù Àlàó sí Fìdítì.